Vincent de Paul, Louise de Marillac àti àwọn Ọmọbìnrin Àánú: ohun táwọn èèyàn máa ń béèrè

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń lọ sópin lọ́dọọdún, orúkọ Vincent de Paul a máa ròkè nínú ìjọ Àgùdà. Àwọn kan mọ̀ ọ́n mọ́ àpótí ọrẹ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n mọ́ àwọn ìyá àti bàbá tó ń gbé ìrẹsì lọ fún opó. Ẹni tó ni orúkọ náà gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ yé wa, ká má tiẹ̀ wá sọ ti obìnrin tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà. Ìbéèrè táwọn ọ̀dọ́, àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìrìbọmi àti àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ rárá máa ń béèrè ni mo kó jọ síbí. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gba àlàyé, n ó jókòó tì í. Níbi tí kò bá gbà á, n ó kọjá.

Ta ni Vincent de Paul?

Ọmọ àgbẹ̀ ni, ará ilẹ̀ Faransé. Abúlé Pouy, nítòsí ìlú Dax, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1581. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pe abúlé náà báyìí. Ẹran ọ̀sìn ló ń dà lọ́mọdé. Ó di àlùfáà ní 1600. Ní 1625 ó dá ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà kan sílẹ̀ tí wọn yóò máa wàásù fún àwọn ará oko. Ní 1633 òun àti Louise de Marillac dá àwọn Ọmọbìnrin Àánú sílẹ̀. Paris ló kú sí, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1660. Póòpù Clement Kejìlá kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1737, Póòpù Leo Kẹtàlá sì fi í ṣe alábòójútó gbogbo ẹgbẹ́ aláàánú ní 1885.

Ṣé láti kékeré ló ti jẹ́ èèyàn Ọlọ́run?

Rárá o, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà nílé ìwé ní Dax, bàbá rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹsẹ̀ bàbá kò dọ́gba, aṣọ ọrùn rẹ̀ kò sì dáa. Vincent kọ̀, kò jáde lọ bá a, nítorí kò fẹ́ káwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lòun. Ó darúgbó tán kó tó sọ ọ́ fáyé gbọ́, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn.

Òfin ìjọ ní kí ẹni tí yóò joyè àlùfáà pé ọmọ ọdún 24. Ọmọ ọdún 19 ni Vincent nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. Ohun tó ń wá nígbà náà ni ipò tó lówó lórí, kó lè tètè fẹ̀yìn tì, kó sì máa tọ́jú ìyá rẹ̀. Lẹ́tà tó kọ sí ìyá rẹ̀ ní 1610 ṣì wà tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò rí ohun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ tọ́jú ìyá ẹni, àmọ́ kò sí òtòṣì kankan nínú ètò ayé rẹ̀ nígbà yẹn, yàtọ̀ sí àwọn tirẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ajalèlókun mú un lẹ́rú lọ sí Tunis. Ṣé òótọ́ ni?

Lẹ́tà méjì tó kọ ní 1607 àti 1608 ni ìtàn náà ti wá. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò fẹnu kò lé e lórí: àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ní àlọ́ ni. Ohun tó dájú ni pé nígbà tó dàgbà, ó bẹ̀bẹ̀ títí pé kí wọ́n dá lẹ́tà náà padà fún òun, kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i mọ́. Ẹ mú ìtàn Tunis kúrò pátápátá, Vincent tí a mọ̀ kò ní dín kù.

Kí ló wá yí i padà?

Ọdún 1617 ni, ibi méjì ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé de Gondi, ọlọ́lá tí ilẹ̀ wọn pọ̀ rẹpẹtẹ, ó ń kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ní oṣù kìíní, wọ́n pè é sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan tó ń kú lọ. Gbogbo ayé ló ka ọkùnrin náà sí olóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kò lè jẹ́wọ́ láti ọdún pípẹ́. Ó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Vincent, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ìyàwó de Gondi bá ní bí ẹni tí a ń pè ní èèyàn dáadáa bá lè wà nínú irú ìdè bẹ́ẹ̀, báwo wá ni ti àwọn yòókù? Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, Vincent wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì Folleville lórí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Èrò tó ya wá lẹ́yìn ìwàásù náà pọ̀ débi pé wọ́n ní láti ránṣẹ́ pe àwọn àlùfáà mìíràn láti Amiens.

Èkejì, ní oṣù kẹjọ, ó ti di àlùfáà ìjọ ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Châtillon. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, bó ṣe ń wọ aṣọ Mísà, ẹnì kan wá sọ fún un pé àìsàn ti dá gbogbo ará ilé kan dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìlú, kò sẹ́ni tó lè fún ẹnì kejì lómi. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwàásù. Lọ́sàn-án, òun náà mú ọ̀nà pọ̀n láti lọ wò wọ́n, ló bá bá èrò lójú ọ̀nà: àwọn kan ń gbé oúnjẹ lọ, àwọn kan ti ń padà bọ̀, oòrùn mú débi pé àwọn mìíràn jókòó sábẹ́ igi.

Ẹlòmíràn ì bá ti máa yọ̀. Vincent yọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ rò ni pé oúnjẹ yìí ti pọ̀ jù. Apá kan yóò bàjẹ́ lónìí, bó bá sì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ebi yóò tún pa àwọn èèyàn wọ̀nyí bíi ti tẹ́lẹ̀. Àánú wà nílẹ̀, kò sétò. Lọ́jọ́ 23 oṣù náà ló kó àwọn obìnrin ìlú jọ láti pín iṣẹ́ náà lọ́jọ́ lọ́jọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 8 oṣù kejìlá, ẹgbẹ́ ti dúró, ó ní ìwé òfin.

Tẹ́ ẹ bá bi mí léèrè ohun tí Vincent mú wá sínú ìjọ, èyí ni. Àwọn èèyàn ti ń ṣàánú kó tó dé ayé. Òun ló mú ìwé orúkọ dání, tó ní: ta ló kàn lọ́la?

Kí ló wà nínú ìwé òfin náà?

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, nítorí èmi ò tíì rí òfin ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó dà bí eléyìí. Kò kàn sọ pé kí wọ́n fẹ́ràn aláìsàn. Ó ní kí obìnrin tí iṣẹ́ kàn lọ́jọ́ náà se oúnjẹ fúnra rẹ̀, kó sì gbé e lọ. Tó bá wọlé, kó kí aláìsàn tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Kó gbé àwo sórí bẹ́ẹ̀dì, kó tẹ́ aṣọ funfun sí i, kó gbé ìgò àti ṣíbí kalẹ̀, kó fi omi wẹ ọwọ́ aláìsàn, kó gbàdúrà oúnjẹ, kó wá bu ọbẹ̀, kó sì fi ẹran sínú abọ́. Kó rọ̀ ọ́ kó jẹun, bí ẹni pé ọmọ òun ni. Kó sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún un bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́.

Lẹ́yìn èyí ló wá fi gbólóhùn kan kún un tí mo fẹ́ràn jù lọ: àwọn aláìsàn tó ní ẹni lọ́dọ̀ ni kó kọ́kọ́ bẹ̀ wò, kó fi àwọn tó dá wà sẹ́yìn, kó lè ráyè jókòó tì wọ́n pẹ́. Ẹni tó ti ṣàìsàn nílé òun nìkan rí yóò mọ̀ pé ẹni tó kọ èyí mọ ohun tó ń sọ.

Louise de Marillac ńkọ́? Ṣé igbákejì Vincent ni?

Ọ̀pọ̀ ìwé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi ò gbà. Tí wọ́n bá ní kí n dárúkọ ẹni tó kọ́ ilé yìí láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, Louise ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1591 ni wọ́n bí i. Ìdílé ńlá ni ìdílé de Marillac, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò gbé ìyá rẹ̀ níyàwó, títí di òní kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí ìyá náà jẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn sístà ní Poissy ló ti kàwé. Ó fẹ́ di sístà, wọ́n kọ̀ fún un. Wọ́n fà á fún Antoine Le Gras, akọ̀wé ayaba, ní 1613, ó sì bí ọmọkùnrin kan, Michel, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó ìdààmú bá a jálẹ̀ ayé rẹ̀. Ọkọ ṣàìsàn pẹ́, Louise tọ́jú rẹ̀ títí tó fi kú ní 1625. Lẹ́yìn náà ni àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ bọ́ sínú ìjà ìṣèlú: wọ́n rọ ọ̀kan lóyè ní 1630, wọ́n bẹ́ èkejì lórí ní 1632. Obìnrin tí kò mọ ìyá, tó di opó, tí ojú ti ìdílé rẹ̀ ní gbangba. Òun ni Vincent ní kó lọ máa yẹ àwọn ẹgbẹ́ àánú abúlé wò láti 1629.

Ó ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin láti abúlé dé abúlé, ó ń yẹ ìwé owó wò, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìwé kíkà, ó ń parí ìjà láàárín àwọn ìyá ẹgbẹ́. (Ẹni tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kan pàtàkì nìyẹn.) Nígbà tó yá tí ìwé àṣẹ ọdún 1646 fi àwọn Ọmọbìnrin Àánú sábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Paris, Louise kò gbà. Bí bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan bá ń darí wọn bó ṣe wù ú, ó mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi gbàgbé àwọn òtòṣì. Ó ń kọ lẹ́tà, ó ń bẹ̀bẹ̀, títí ìwé mìíràn fi jáde ní 1655 tó fi wọ́n sábẹ́ Vincent àti àwọn tí yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Vincent ì bá gbà bẹ́ẹ̀ kó máa lọ. Louise ló rí ọ̀ọ́kán.

Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1660, oṣù mẹ́fà ṣáájú Vincent. Ọdún 1934 ni wọ́n tó kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba ọdún lẹ́yìn ti Vincent.

Kí ló dé tí àwọn obìnrin olówó tó wà nínú ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀ kò tó?

Nígbà tí ẹgbẹ́ dé Paris, àwọn ìyàwó ọlọ́lá wọ̀ ọ́. Wọ́n lówó, wọ́n sì lawọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé kéèyàn gbé ìkòkò ọbẹ̀ gun àtẹ̀gùn ilé òtòṣì, kó sì fọ egbò, ọ̀pọ̀ nínú wọn rán ọmọ ọ̀dọ̀ lọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ kò lè fi ọ̀yàyà kí aláìsàn.

Ibẹ̀ ni ọmọ abúlé kan tó ń jẹ́ Marguerite Naseau ti wọlé. Ará Suresnes ni, màlúù ló ń dà. Kò sẹ́ni tó rán an nílé ìwé. Ó ra ìwé alífábẹ́ẹ̀tì kan, ó ń mú un dání lọ sí pápá, tẹ́nì kan bá ń kọjá tó jọ ẹni tó mọ̀wé, yóò dá a dúró béèrè pé: lẹ́tà wo rèé? Bó ṣe mọ ìwé kà nìyẹn, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọbìnrin abúlé mìíràn. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò tọ́jú àwọn aláìsàn Paris, ó ní òun wà níbẹ̀. Vincent máa ń sọ pé òun ni sístà àkọ́kọ́, òun ló la ọ̀nà fún àwọn yòókù.

Ó kú ní oṣù kejì ọdún 1633. Àjàkálẹ̀ àrùn ló pa á: ó gbé ọmọbìnrin kan tí àrùn náà ń ṣe sórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Louise kó àwọn ọmọbìnrin abúlé díẹ̀ sínú ilé rẹ̀, ọjọ́ tí àwọn Ọmọbìnrin Àánú kà sí ọjọ́ ìbí wọn nìyẹn. Marguerite kò rí i.

Ṣé sístà ni wọ́n tàbí wọn kì í ṣe sístà?

Lójú ẹni tó ń wò wọ́n, sístà ni wọ́n. Nínú òfin ìjọ, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n ló sì wà nídìí rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, obìnrin tó bá fi ara rẹ̀ fún Ọlọ́run nípa ẹ̀jẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà. Póòpù Pius Karùn-ún ti fi àṣẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní 1566: ògiri gíga, irin lójú fèrèsé, kò sí jíjáde. Bíṣọ́ọ̀bù François de Sales àti opó kan tó ń jẹ́ Jeanne de Chantal gbìyànjú láti yà kúrò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Annecy ní 1610 ń jáde lọ bẹ àwọn aláìsàn wò nílé. Nígbà tí wọ́n dé Lyon, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ibẹ̀ kò gbà, nígbà tó sì máa di 1618, wọ́n ti tì wọ́n mọ́lé bíi ti àwọn yòókù.

Vincent mọ ìtàn yìí dáadáa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni François, òun ló sì ń bójú tó àwọn sístà ẹgbẹ́ náà ní Paris láti 1622. Òun àti Louise kò bá òfin jà. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ òfin kọjá. Wọn kò pe àwọn ọmọbìnrin wọn ní onísìn, wọn kò wọ̀ wọ́n láṣọ onísìn, ilé tí wọ́n ń gbé kì í ṣe kọ́ńfẹ́ǹtì. Vincent kìlọ̀ fún wọn pé bí bíṣọ́ọ̀bù kan bá bi wọ́n bóyá onísìn ni wọ́n, kí wọ́n dáhùn pé rárá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn: ilé àwọn aláìsàn ni kọ́ńfẹ́ǹtì wọn, yàrá tí wọ́n háyà ni yàrá àdúrà wọn, ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò ni ilé ìsìn wọn, ìgboro ìlú ni ọgbà wọn, ìgbọràn ni ògiri, ìbẹ̀rù Ọlọ́run sì ni irin ojú fèrèsé.

Èèyàn lè kà á bí ewì. Ọgbọ́n agbẹjọ́rò ló wà nínú rẹ̀ lójú tèmi.

Ẹ̀jẹ́ wo ni wọ́n ń jẹ́?

Mẹ́rin: òṣì, ìwà mímọ́, ìgbọràn, àti ìsìn fún àwọn aláìní. Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ọdún kan péré ni ẹ̀jẹ́ náà ń lò. Lọ́dọọdún, ní àjọ̀dún ọjọ́ tí áńgẹ́lì wá kéde fún Màríà, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù kẹta, wọn a tún un jẹ́. Sístà tó ti lo 50 ọdún pàápàá ń tún un jẹ́. Èmi rò pé ìdúró tó wà nínú ìyẹn lágbára ju ẹ̀jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ, àmọ́ àwọn sístà ẹgbẹ́ mìíràn lè bá mi jiyàn.

Bí wọ́n bá ń gbàdúrà lọ́wọ́ tí òtòṣì kan ilẹ̀kùn ńkọ́?

Kí wọ́n dìde. Vincent ní ńṣe ni wọ́n fi Ọlọ́run sílẹ̀ lọ bá Ọlọ́run. Kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n máa sá fún àdúrà o: aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni wọ́n ń jí láti gbàdúrà.

Fìlà funfun tó nà bí ìyẹ́ ẹyẹ tí à ń rí nínú fọ́tò àtijọ́ ńkọ́?

Aṣọ eérú àti gèlè kékeré àwọn obìnrin abúlé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Fìlà ńlá náà dé lẹ́yìn Vincent àti Louise, ó di ti gbogbo wọn ní 1685. Wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1964. Ẹni tó bá fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ èrò pẹ̀lú rẹ̀ yóò mọ ìdí.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí wọ́n sọ nù?

Bẹ́ẹ̀ ni. Paris ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń gbé ọmọ tuntun sí. Ilé kan wà tí ìjọba ń kó wọn lọ, opó kan àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bójú tó o, oúnjẹ kò tó, ọmọ ń kú lójoojúmọ́, wọ́n sì ń ta àwọn mìíràn fún alágbe tí yóò máa fi wọ́n tọrọ owó. Ní 1638, Louise àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mú ọmọ 12. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ àwọn tí wọn yóò mú, nítorí owó tó wà kò ju ti ọmọ 12 lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gba gbogbo wọn.

Iṣẹ́ náà wọ́n. Louise ló ṣètò rẹ̀: ó ń wá àwọn obìnrin abúlé tí yóò fún àwọn ọmọ lọ́mú, ó ń san owó wọn, ó sì ń rán sístà lọ yẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò. Ní 1647 owó tán, àwọn obìnrin ọlọ́lá fẹ́ jáwọ́. Vincent pè wọ́n jọ. Ó ní kí wọ́n má ṣe ìyá mọ́, kí wọ́n di adájọ́, kí wọ́n dìbò: bẹ́ ẹ bá ń tọ́jú wọn lọ, wọn yóò yè, bẹ́ ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, wọn yóò kú. Wọ́n ń bá a lọ.

Níbo ni owó ti ń wá?

Ọ̀dọ̀ ayaba, ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́lá, àti látinú ogún táwọn òkú fi sílẹ̀. Vincent kò tijú láti tọrọ, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ. Nígbà tí ogun ba Picardy àti Champagne jẹ́, àwọn lẹ́tà tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń kọ láti ojú ogun di ìwé pélébé tí wọ́n ń tẹ̀ ní Paris láti 1650, kí olówó lè rí bí ebi ṣe ń pa èèyàn. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí nìyẹn.

Gbígbé owó náà dé ọ̀hún tún jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Búrọ́dà Mathieu Regnard, ọ̀kan lára àwọn èèyàn Vincent, gbé owó lọ sí Lorraine ju ìgbà 50 lọ láàárín ọmọ ogun àti ọlọ́ṣà. Yóò múra bí alágbe, yóò fi owó sínú àpò gbígbó, bó bá rí ìjàngbọ̀n níwájú yóò ju àpò náà sígbó, yóò sì padà wá mú un. Wọn kò rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn Ọmọbìnrin Àánú nígbà tí àwọn ará Faransé dojú ìjọba bolẹ̀?

Wọ́n tú ẹgbẹ́ wọn ká ní 1792. Wọ́n ní kí wọ́n búra fún ìjọba tuntun. Àwọn kan kọ̀. Ní Angers, wọ́n yìnbọn pa Marie-Anne Vaillot àti Odile Baumgarten ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 1794. Wọ́n kó sístà mẹ́rin láti Arras lọ sí Cambrai, Madeleine Fontaine ni olórí wọn, wọ́n sì bẹ́ wọn lórí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún kan náà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìjọba fúnra rẹ̀ ló pe àwọn sístà padà, nítorí ilé ìwòsàn kò rí ẹni ṣe iṣẹ́ wọn.

Ṣé àwọn náà ló ni mẹ́dà ìyanu tí àwọn èèyàn ń wọ̀ sọ́rùn?

Catherine Labouré tó rí Màríà lójú ìran ní 1830, ìran tí mẹ́dà náà ti wá, ọ̀kan nínú wọn ni. Ọmọ àgbẹ̀ ni òun náà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ni. Wọ́n tẹ mẹ́dà àkọ́kọ́ ní 1832, nígbà tí kọ́lẹ́rà ń jà ní Paris. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ju ìran lọ ni ohun tó tẹ̀ lé e: fún ohun tó lé ní 40 ọdún, Catherine ń tọ́jú àwọn bàbá arúgbó nílé kan ní Reuilly, ó ń fọṣọ wọn, ó ń sin adìyẹ, mẹ́dà náà sì ń tàn káyé, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé kò mọ̀ pé òun ni. Ó kú ní 1876, wọ́n kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1947.

Ẹgbẹ́ St. Vincent tó wà ní ìjọ wa, ṣé Vincent ló dá a sílẹ̀?

Rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló dá a sílẹ̀, ohun tó lé ní 170 ọdún lẹ́yìn ikú Vincent. Frédéric Ozanam, ọmọ 20 ọdún, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Paris máa ń bá àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ jiyàn. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi í pé: ìjọ yín ṣe dáadáa láyé àtijọ́, kí lẹ̀ ń ṣe báyìí? Ọ̀rọ̀ náà gún un. Wọ́n pàdé ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1833, wọ́n pinnu láti máa lọ sílé àwọn òtòṣì.

Wọn kò mọ òtòṣì kankan. Sístà Rosalie Rendu, Ọmọbìnrin Àánú tó ti ń gbé láàárín àwọn tálákà àdúgbò Mouffetard láti ọjọ́ pípẹ́, ló fún wọn ní orúkọ ìdílé, tó fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì búrẹ́dì, tó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn òtòṣì. Orúkọ Ozanam làwọn èèyàn ń rántí. Wọ́n kà á mọ́ àwọn alábùkún ní 1997, wọ́n ka Rosalie ní 2003.

Ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà, ṣé ti ọmọ ìjọ nìkan ni?

Kì í ṣe ti ọmọ ìjọ nìkan. Mùsùlùmí, oníṣẹ̀ṣe, ẹni tí kì í lọ sí ibi kankan, gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ìrìbọmi, tirẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe ti ẹgbẹ́.

Ǹjẹ́ ìtàn yìí kàn wá nílẹ̀ Yorùbá?

Ó kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Lyon, ìlú tí wọ́n ti ti àwọn ọmọ François de Sales mọ́lé ní 1618, ni Fádà Augustin Planque ti dá ẹgbẹ́ àwọn sístà Our Lady of Apostles sílẹ̀ ní 1876 láti máa rán wọn wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn obìnrin wọ̀nyí wọ ọkọ̀ òkun, wọ́n dé Èkó, wọ́n ń kọ́ ọmọ níwèé, wọ́n ń wo aláìsàn. Wọn kì í ṣe ọmọ Vincent, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó ti kọ́kọ́ fi hàn pé obìnrin lè sin Ọlọ́run lójú títì, ta ni ì bá gbà kí wọ́n jáde?

Abẹ́òkúta ńkọ́? Ní 1895 ni àwọn Fádà SMA (Society of African Missions) dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lantoro. Fádà Jean-Marie Coquard, tí kò kọ́ iṣẹ́ dókítà ní yunifásítì kankan, ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀, ó tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀, títí tó fi kú ní 1933. Ilé ìwòsàn náà ṣì ń gba aláìsàn títí di báyìí.

Ọjọ́ wo ni àjọ̀dún wọn?

Vincent, ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án. Louise, ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún; ìwé àdúrà àtijọ́ lè sọ pé ọjọ́ 15 oṣù kẹta.

Ṣé èèyàn lè rí ibojì wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni, Paris ni. Egungun Vincent wà nínú ère ìda tí wọ́n gbé sókè pẹpẹ ní ilé ìsìn àwọn fádà rẹ̀, Rue de Sèvres nọ́ńbà 95. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀ téèyàn lè gùn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Louise àti Catherine wà ní Rue du Bac nọ́ńbà 140, ẹsẹ̀ lẹ lè fi rìn ín láti ibì kan dé èkejì. Èrò máa ń pọ̀ ní Rue du Bac nítorí mẹ́dà.

Mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ St. Vincent. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bá ààrẹ ẹgbẹ́ ìjọ yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Mísà, ẹ lọ jókòó ní ìpàdé wọn kẹ́ ẹ wò ó. Wọn kò ní kọ́kọ́ béèrè owó lọ́wọ́ yín. Wọ́n máa ń gbé àpò kan yí ìpàdé ká, oníkálùkù a ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó ń mọ iye tí ẹnì kejì fi sí i. Ohun tí wọn yóò béèrè ni àkókò yín, nítorí méjì méjì ni wọ́n ń lọ sílé àwọn aláìní, ẹ ó sì nílò láti máa yọjú déédéé. Ohun tẹ́ ẹ bá rí nílé onílé, ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níta, ì báà ṣe fún ọkọ tàbí aya yín. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé ẹnu yín kò lè gbà á, ẹ sọ fún ààrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn yóò wá iṣẹ́ mìíràn fún yín, irú bíi kíkó aṣọ jọ tàbí pípín oúnjẹ sínú àpò.